Ọwọ́ Ta Ló Di Ìgbéyàwó Mú? Ẹbí, Ìgbéyàwó àti Ìkọ̀sílẹ̀ Lójú Ìmọ̀ Ìbágbépọ̀ Ẹ̀dá

Ìfáárà

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà níbi ìnáwó lónìí, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi mí kanlẹ̀ pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ ilé ọkọ gbé, àti pé ọ̀làjú ló sọ ìgbéyàwó di ohun tí à ń wọ̀ tí à ń bọ́ bí ẹ̀wù. Àwa tí a ń kàwé ní ìhà àríwá a tún máa gbọ́ ẹ̀sùn kejì: pé àárín àwọn Haúsá tí a ń gbé ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ẹ̀sùn méjèèjì wò lójú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní sosiọ́lọ́jì. Rigasa, àdúgbò ńlá tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Kàdúná, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìkọ̀sílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó yí padà ni ọwọ́ tó di ìgbéyàwó mú. Nígbà kan, ọwọ́ púpọ̀ ni. Lónìí, pàápàá fún ẹni tó jìnnà sílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ju ọwọ́ ọkọ, ọwọ́ ìyàwó àti ọwọ́ adájọ́ lọ. Ẹni tí kò bá sì mọ ọwọ́ tí ìgbéyàwó rẹ̀ wà, ọjọ́ tí ilé bá dàrú ni yóò mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn a sì máa gbówó lórí.

Ìgbéyàwó láyé àtijọ́

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni N. A. Fadipe. Ọmọ Yorùbá ni. Ní 1939 ló parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ètò àwùjọ Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1944, iṣẹ́ náà kò sì di ìwé títà títí di 1970, nígbà tí Ibadan University Press tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ The Sociology of the Yoruba. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹbí Yorùbá kò lè fo ìwé náà dá.

Ẹ jẹ́ kí á ka iye ọwọ́ tó wà nínú ìgbéyàwó àtijọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbí ń wo ilé kí wọ́n tó fẹ́yàwó níbẹ̀. Wọn a wádìí bóyá àrùn tàbí ìwà kan wà nínú ìdílé náà. Alárenà a máa rìn láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ìjọ́hẹn a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdáná, kí ó tó kan ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ìyàwó bá sì dé, kì í ṣe ìyàwó ẹnì kan. Àbúrò ọkọ ń pè é ní ìyàwó mi, òun náà kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tí ó bá bá nínú ilé. Ó ní láti fún un ní orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Bí ìjà bá dé, ìyálé ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí kò bá parí, a di ọ̀dọ̀ baálé, bí kò bá tún parí, a ránṣẹ́ sí àwọn àna. Kí ìgbéyàwó tó tú, gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí ní láti jọ tú u.

Síbẹ̀, ó máa ń tú. Èdè wa jẹ́rìí sí i, nítorí a kì í lórúkọ fún ohun tí kò sí. Dálémosú ni à ń pe obìnrin tó kúrò nílé ọkọ tó padà wá gbé nílé bàbá rẹ̀. Ní àwọn ìlú kan, obìnrin tí ilé ọkọ kò gbà mọ́ lè sá lọ sí ilé ọba tàbí ti ìjòyè ńlá, kó di òpó ilé náà mú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ààbò. Òun ni wọ́n ń pè ní dìpòómú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹbí, ó ti gbé e lé ọwọ́ aláṣẹ.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òpó tuntun ni kóòtù náà jẹ́. Obìnrin tó ń ṣòwò, tó lówó lọ́wọ́, lè lọ bẹ̀bẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọkọ tuntun sì san owó ìdáná padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí P. C. Lloyd fi kọ odindi àpilẹ̀kọ kan lórí ìkọ̀sílẹ̀ láàárín Yorùbá nínú American Anthropologist ní 1968. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ wò: púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó ń ráhùn lónìí ni wọn kò tí ì bí nígbà tí kóòtù wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ojú tí àwọn onímọ̀ fi wo àyípadà náà

Àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kò fẹnu kò. Ojú mẹ́rin ni a óò mú wá síhìn-ín.

Èkíní ni ti Talcott Parsons, ará Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1950 ló kọ́ni pé níbi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ti gbilẹ̀, ìdílé kékeré tó jẹ́ ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ló bá ayé mu jù, nítorí ó rọrùn fún un láti kó lọ síbi tí iṣẹ́ bá wà. Ó ní iṣẹ́ méjì pàtàkì ló kù fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀: títọ́ ọmọ àti fífi ọkàn àgbàlagbà balẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kù díẹ̀ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ bi wá léèrè ẹni tí ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn.

Èkejì, Friedrich Engels ti béèrè ìyẹn ní 1884. Lójú tirẹ̀, ohun ìní ló wà nídìí ètò ìgbéyàwó: ọkùnrin fẹ́ mọ ọmọ tí yóò jogún òun, agbára sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ohun ìní wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti ibẹ̀ lọ síwájú láti bi wá léèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé, ẹni tó ń gba owó, àti ẹni tó lè jáde nínú ìgbéyàwó láìpàdánù.

Ẹ̀kẹta ni William Goode. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1963, ó ní gbogbo ayé ń lọ sọ́dọ̀ ìdílé kékeré tí tọkọtaya jẹ́ òpó rẹ̀, tí àṣẹ ẹbí sì ń dín kù. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kì í ṣe ibi gbogbo ni èyí ti ń mú kí ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Japan àti láàárín àwọn Lárúbáwá kan, níbi tí ìkọ̀sílẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ẹ̀kẹrin kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. John Caldwell ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá fúnra wa, ó sì gbé àbá rẹ̀ jáde ní 1976. Ó ní láyé àtijọ́, ọrọ̀ ń ti ọwọ́ ọmọ lọ sọ́wọ́ òbí: ọmọ ni ọwọ́ iṣẹ́ lóko, òun náà ni yóò tọ́jú àgbà. Nígbà tí ilé-ìwé dé, ọrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ òbí lọ sọ́wọ́ ọmọ, ọkọ àti ìyàwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ara wọn àti ti ọmọ wọn ṣáájú ti agbo ilé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí òbí rẹ̀ ti ta nǹkan kí ó lè san owó ilé-ìwé mọ ohun tí Caldwell ń wí.

Rigasa: nígbà tí ẹbí bá jìnnà

Ẹ wá jẹ́ kí á gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ìgboro. Rigasa wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Igabi. Ìlú Kàdúná fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú àtijọ́. Ní 1917 ni ìjọba òyìnbó gbé olú-ìlú ìhà àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀. Rélùwéè kó ọ̀pọ̀ Yorùbá wá, àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ibòmíràn. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ó sì fa ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 2000, àwọn ará ìlú pín ara wọn sí ọ̀nà méjì ní ìhà odò: ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì lọ sí gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì wá sí ìhà àríwá, títí kan Rigasa. Àdúgbò náà kún sí i.

Nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé. Kò sí ìyálé ilé, kò sí baálé. Ẹni tó wà ní yàrá kejì lè jẹ́ Haúsá, ó lè jẹ́ Nupe, ó lè jẹ́ ẹni tó dé lánàá. Ìjà tọkọtaya tí ìyá ọkọ ì bá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa rẹ́ a wá di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́ tí ẹnì kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti dá sí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Kaduna Textiles ti ìlẹ̀kùn ní 2002, United Nigerian Textiles náà sì ti tirẹ̀ ní 2007 kí ó tó tún ṣí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí owó oṣù bá tán lọ́wọ́ baálé ilé, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń dín kù, ipò rẹ̀ nínú ilé náà ń mì. Ìyàwó tó ń dín àkàrà tàbí tó ń ta aṣọ a wá di ẹni tó ń bọ́ ilé, àṣẹ a sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò rówó mú wálé. Níbi tí àṣẹ àti owó bá ti pínyà báyìí ni Engels àti Parsons kò ti lè jọ jókòó.

Ọkọ̀ ojú irin fi tirẹ̀ kún un. Ní oṣù keje 2016 ni ọkọ̀ Abuja sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Kàdúná sì wà ní Rigasa. Èyí mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja láti fi ìdílé rẹ̀ sí Kàdúná kó máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ, ọkọ̀ dúró títí di oṣù kejìlá ọdún náà. Ìdílé tó ti gbára lé ojú irin rí i pé ìgbéyàwó òun wà lọ́wọ́ ohun tí tọkọtaya kò lè ṣàkóso.

Ṣé ọ̀làjú ló mú ìkọ̀sílẹ̀ wá?

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ní ọ̀làjú ni, ìkejì ní Haúsá ni. Obìnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ dá méjèèjì lóhùn. Baba ni orúkọ rẹ̀, ará Karo ní ilẹ̀ Zaria, tó wà nínú ìpínlẹ̀ Kàdúná òní. Ní 1949 sí 1950 ló sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún Mary Smith, ìwé náà sì jáde ní 1954 pẹ̀lú orúkọ Baba of Karo. Ọkọ mẹ́rin ni ó fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti wà nílé ọkọ kí òyìnbó tó gba Zaria. Kò lọ sí ilé-ìwé òyìnbó. Ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe èso ọ̀làjú. Láàárín àwọn tirẹ̀, obìnrin tó kúrò nílé ọkọ di bazawara, ó sì ní ipò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, títí tí yóò fi fẹ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, Haúsá àti Yorùbá kò kọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yàtọ̀. Ohun tí Goode wí sì di mímọ̀ níhìn-ín: ibi tí ọ̀làjú bá ti bá ìkọ̀sílẹ̀ púpọ̀, ó lè dín in kù, ibi tí ó bá ti bá díẹ̀, ó lè fi kún un.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí. Bí òǹkàwé bá kan ilẹ̀kùn Baba nígbà tó wà nílé ọkọ kẹrin, tó bi í pé, "Ṣé ẹ wà nílé ọkọ?", bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn. A óò kọ ọ́ sí ìlà àwọn tó wà nílé ọkọ, ìgbéyàwó mẹ́ta yòókù yóò sì sọnù. Ibi tí obìnrin bá ti ń tètè fẹ́ ọkọ mìíràn, òǹkà ipò ìgbéyàwó kò lè fi iye ìkọ̀sílẹ̀ hàn. Ìwé kóòtù náà kò tó, nítorí kì í ṣe gbogbo ìkọ̀sílẹ̀ ló ń dé kóòtù. Bíbéèrè ìtàn ìgbésí ayé ló lè fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Kóòtù mẹ́ta nínú ìlú kan

Ní 2001, ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kóòtù Ṣàríà àti kóòtù ìbílẹ̀ rọ́pò àwọn kóòtù àdúgbò àtijọ́: Ṣàríà fún Mùsùlùmí, ìbílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ilé Ẹjọ́ Gíga sì wà fún ìgbéyàwó abẹ́ òfin. Rigasa ní kóòtù Ṣàríà tirẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn oníròyìn ń gbà jáde níbẹ̀. Yorùbá tó ń gbé ní Kàdúná lè bá ara rẹ̀ ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó bá fi so ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀.

Fún ẹni tí wọ́n so yìgì fún, ìlànà Maliki ni a ń tẹ̀ lé. Bí ọkọ bá kọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kíní tàbí lẹ́ẹ̀kejì, ó lè dá a padà kí àkókò ìdúró obìnrin náà tó pé, ìyẹn ìgbà mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá mọ́ láàárín nǹkan oṣù. Lẹ́yìn ìkẹta, kò sí àdápadà, àfi bí obìnrin náà bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí ìyẹn náà sì parí. Obìnrin tí kò fẹ́ ọkọ mọ́ lè dá sàdáàkì padà kí ó gba òmìnira, èyí tí a ń pè ní khul'. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ọkọ ń ni òun lára tàbí pé kò bọ́ òun, adájọ́ lè tú yìgì náà láìjẹ́ pé ó san nǹkan kan. Obìnrin tó ń kánjú, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ yìí, lè fi owó ra ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, owó ìdáná ló wà láàárín. Ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àṣà wa kì í sábà pín ilé àti ilẹ̀ ọkọ fún un. Ìwé ẹ̀rí ohun tó fi owó rẹ̀ rà ṣe pàtàkì.

Ìgbéyàwó abẹ́ òfin, yálà ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gba àṣẹ, wà lábẹ́ òfin 1970 tí a ń pè ní Matrimonial Causes Act. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbé e lọ sí kóòtù láìgba àyè lọ́wọ́ adájọ́. Lẹ́yìn náà, a ní láti fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe, bí àpẹẹrẹ pé tọkọtaya ti pínyà fún ọdún 2 tí ẹnì kejì kò sì tako ìtúká náà, tàbí fún ọdún 3. Adájọ́ lè pàṣẹ owó ìtọ́jú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí tọkọtaya abẹ́ òfin gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, kí wọ́n sì rò pé ó ti parí. Kò tí ì parí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún lọ ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀, Òfin Ìgbéyàwó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 5 wá.

Ọmọ ńkọ́?

Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Àṣà Yorùbá ní ti bàbá ni ọmọ. Ìlànà Maliki ní kí ọmọkùnrin wà lọ́dọ̀ ìyá títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi lọ sílé ọkọ, kí bàbá sì máa gbọ́ bùkátà. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìtọ́jú lè bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, nínú àṣà Haúsá, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kù sílé bàbá. Òfin 1970 àti Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ire ọmọ ni kí á fi ṣáájú. Láyé agbo ilé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ṣì ní ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá. Nínú yàrá kan ní Rigasa, bí ìyá bá lọ, bàbá nìkan ló kù, tàbí ìyàwó tuntun. Ìyàtọ̀ yìí ló jẹ́ kí ìkọ̀sílẹ̀ òní wúwo ju ti àtijọ́ lọ, bí iye rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ jù ú.

Ìkádìí

Ohun kan wà tó pa àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Al-Kùránì, nínú Súrà kẹrin, ẹsẹ 35, ní kí á yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ àti kan láti ìdílé ìyàwó bí ìjà bá fẹ́ dé. Àṣà wa ní kí ọ̀rọ̀ gba ọwọ́ baálé àti àna kọjá. Òfin 1970 náà ní kí adájọ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Gbogbo wọn ló gbà pé ọwọ́ méjì kò tó. Ìbéèrè wa ni pé, níbo ni onílàjà ìdílé ìyàwó yóò ti wá ní Rigasa, nígbà tí ìdílé náà wà ní Ogbómọ̀ṣọ́?

Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn odi ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹbí. Kí tọkọtaya ti fẹnu kò, kí ìjà tó dé, lórí àgbà méjì tí wọn yóò máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ì báà ṣe láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n mọ òfin tí ìgbéyàwó wọn wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀. A kò sọ pé kí obìnrin tí wọ́n ń lù dúró de onílàjà. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òpó tó bá sún mọ́ ọn jù ni kó dì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tó tú, kì í ṣe ìkà ló tú u. Àìsí ẹni tí yóò pe tọkọtaya jókòó ni. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú ojú mẹ́rin tí a mú wá, èwo ló bá ìdílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà mu jù? Sọ ìdí rẹ̀.
2. Kí ló dé tí òǹkà ipò ìgbéyàwó kò fi lè sọ iye ìkọ̀sílẹ̀ fún wa?
3. Bí o bá fẹ́ gbéyàwó lọ́la ní ìlú tí ẹbí rẹ kò sí, àwọn wo ni ìwọ yóò fi ṣe onílàjà, kí ni yóò sì mú kí ẹnì kejì rẹ gba ọ̀rọ̀ wọn?